Ilé Kọ́nà Màmá Agbẹ̀bí

Ayálégbé kì í fọ́nnu nípa òrùlé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí à ń sọ yìí, oòrùn ń gba òkè wọ yàrá Aránṣọ, torí pé onílé ti rán kápẹ́ńtà wá ṣí páànù lórí wọn. Ó ní òun fẹ́ tún un ṣe. Kápẹ́ńtà lọ, páànù bá a lọ, kò sì sí èyí tó padà nínú àwọn méjèèjì. Gbogbo èrò ilé ló mọ ohun tí onílé ń wí: ẹ kó jáde, ẹni tó máa san jù yín lọ ti ń bọ̀. Ojú ò sì ti ọkùnrin yìí. Bó bá pàdé wọn láàárọ̀, á tún bi wọ́n pé ṣé wọ́n sùn dáadáa.

Láti ọjọ́ tí páànù ti lọ ni àwọn ọmọ wọn méjèèjì ti ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò Aránṣọ, torí òjò kì í mọ̀ pé ọmọdé ló ń sùn. Àbúrò náà gbìyànjú, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú bá ọ̀bẹ lọ bí wọ́n bá ń gé búrẹ́dì. Lánàá ni èyí tó kéré nínú àwọn ọmọ béèrè lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ṣé ọ̀la ni?" Aránṣọ ní ó kù díẹ̀. Ó yára pa fóònù kí ohùn rẹ̀ tó yí padà. Ìyà wo ló tún ju kí èèyàn bímọ, kó má níbi tí yóò tẹ́ ẹ sí?

Ọkọ Aránṣọ ń wa típà, yanrìn ló ń kó. Bàbá Rọra ni wọ́n ń pè é, torí pé RỌRA ni wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ọkọ̀ rẹ̀, àti pé òun fúnra rẹ̀ kì í sáré. Òun ló gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé Màmá Agbẹ̀bí, ìyá arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, fẹ́ ta ilé rẹ̀ kó lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Kò sí awakọ̀ típà tí kò mọ ilé kọ́nà yẹn. Kọ́nà Ìrọ̀rùn ni wọ́n sọ ibẹ̀. Títì náà há, kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lápá kankan, àfi bíi pé àwọn tó là á gbàgbé pé èèyàn ní ẹsẹ̀. Síbẹ̀, awakọ̀ kì í bá ẹnì kankan pàdé ní kọ́nà náà. Níbòmíràn, wàá fọn họ́ọ̀nù títí yóò fi há. Ní Kọ́nà Ìrọ̀rùn, wàá kàn yí ọkọ̀ rẹ ni. "Ibẹ̀ mọ́," Bàbá Rọra máa ń wí, "bíi pé wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá èèyàn kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti lọ wo ilé náà, ọjọ́ Àìkú sì ni gbogbo rẹ̀, torí ọjọ́ yẹn nìkan ni típà ń sinmi tí máṣíìnì ìránṣọ náà ń dákẹ́. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá débẹ̀, òpópó a pa rọ́rọ́, atẹ́gùn a máa fẹ́, Màmá Agbẹ̀bí a sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Wọ́n á yí ilé po, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sì padà sábẹ́ ihò òrùlé wọn.

Lónìí, ọ̀rọ̀ ti dé góńgó. Ọkùnrin kan tó ń ta búlọ́ọ̀kù náà fẹ́ ra ilé yẹn, Màmá Agbẹ̀bí sì ti ní ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ tó dájú wá kí oòrùn òní tó wọ̀ ló ni ín. Ilẹ̀ tí bàbá Aránṣọ fi sílẹ̀ fún un ni wọ́n tà láti fi ra á, nítorí náà Bàbá Rọra ní ẹnu ìyàwó òun ni ọ̀rọ̀ tó dájú náà yóò ti jáde.

Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá Rọra, ló kọ́kọ́ da àárọ̀ náà rú. Ó ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì, ó ń kùn.

"Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Àìkú. Ta ló ń fi ọjọ́ ìgbéyàwó mọ ìwà ìyàwó? Ẹ ò tíì lọ wo ilé yẹn lọ́jọ́ iṣẹ́ rí, ẹ fẹ́ gbé e."

"Òní náà ni ọjọ́ iṣẹ́, Màmá," ni Aránṣọ wí. "Ẹ̀yin náà ẹ múra, ẹ bá wa lọ."

"Màá lọ. Ilé kọ́nà ni mò ń bá yín wí. Olè á gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ariwo òpópó méjì. Eruku òpópó méjì."

"Atẹ́gùn òpópó méjì náà ńkọ́, Màmá? Ẹ wo ibi tí mo ti ń ránṣọ." Aránṣọ na ọwọ́ sí kọ̀rọ̀ tí máṣíìnì rẹ̀ wà, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. "Ta ló mọ̀ pé aránṣọ wà níbí? Tí mo bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí kọ́nà yẹn, ẹni tó ń bọ̀ láti apá ibí á rí mi, ẹni tó ń bọ̀ láti apá ọ̀hún náà á rí mi."

"Oníbàárà tó ń wá gèlè rẹ̀ kiri náà á rí ọ."

Tíì sá gba ọ̀nà òdì lọ́fun Bàbá Rọra. Ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, Bàbá wọn," ni Aránṣọ wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nípa ilé, ẹ wá jókòó síbẹ̀ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ kí oṣù yìí parí kí àwọn ọmọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́ mi o."

Bàbá Rọra gbọ́. Ó nu ojú rẹ̀, ó dìde.

Wọ́n débẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó máa jáde nílé. Onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì ń gbá iwájú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bí oyin ni. Bó ṣe rí wọn ló gbé ìgbálẹ̀ tì.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ra Kọ́nà! Ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìrọ́jú. Tó bá di owó ọlọ́dẹ, àwọn ará títì á ní tiwa ni ilé yẹn, àwọn ará òpópó kékeré á ní rárá o, tiwa ni. Ìjà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Tó bá wá di ọjọ́ tí a fẹ́ kó gọ́tà, ẹ ò ní rí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ yín rí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ tàbí n kò sọ bẹ́ẹ̀?" ni Ìyá Àgbà wí, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà.

Màmá Agbẹ̀bí ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀pá wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n kí i. Ó dá wọn lóhùn, ó wò wọ́n látòkè délẹ̀.

"Ọjọ́ iṣẹ́ lẹ wá lónìí," ó ní. "Ó dáa. Ẹ wọlé, ẹ tún un wò."

Aránṣọ nìkan ló wọlé. Yàrá méjì ni àti pálọ̀, pálọ̀ náà sì ní fèrèsé lójú ọ̀nà méjèèjì. Àárọ̀ yìí ni yóò kọ́kọ́ bá oòrùn níbẹ̀. Oòrùn ti fèrèsé kan wọlé, atẹ́gùn ti ìkejì bá a, wọ́n pàdé láàárín ilẹ̀. Aránṣọ dúró síbi tí wọ́n ti pàdé. Láti ọdún tó ti kọ́ṣẹ́, ìdí gílóòbù iná ló ti ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Tí iná bá lọ, á gbé e jáde, á máa fi ojú kan wá ihò rẹ̀ kiri. Ó yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń wà létí ọrùn aṣọ rẹ̀, ó fa òwú, ó sì kàn tì í. Òwú wọlé. Kò tiẹ̀ dín ojú. Ó yọ ọ́, ó tún un ṣe, ó tún wọlé. Háà! Ó gbé ọwọ́ lé àyà. Obìnrin yìí kì í sunkún níwájú èèyàn, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn níbẹ̀, ó sì sun ún díẹ̀. Pálọ̀ yìí, àga mẹ́ta ni yóò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ yóò máa dojú bolẹ̀ lórí ẹní, wọn yóò máa kàwé wọn. Ó ti rí i tán.

Nígbà tó jáde, ó lọ tààrà sí àgbàlá, ó yọ téèpù àti ṣọ́ọ̀kì tó fi ń gé aṣọ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ibi tó dára jù ló yàn: apá kan tó tẹ́jú, tó ń dán, tó gba àárín àgbàlá kọjá láti ihò tó wà lára ògiri títì títí dé èyí tó wà lára ògiri òpópó kékeré. Ihò méjèèjì yìí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti wá wo ilé. Bàbá Rọra ti fi wọ́n dúnàádúrà dáadáa. "Ògiri yín ti ya, Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìnáwó ńlá nìyẹn fún ẹni tó bá rà á." Màmá Agbẹ̀bí ní ó dáa, ó sì já owó sílẹ̀ láìjiyàn. Bàbá Rọra yin ara rẹ̀ délé.

"Ta ló dán ilẹ̀ yìí báyìí, Màmá?" ni Aránṣọ béèrè, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kódà n kò nílò láti tún un tẹ́."

"Ó ti pẹ́," ni Màmá Agbẹ̀bí wí.

Ó fa ilà mẹ́rin. Ó fi àmì sí ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tó gbé àkàbà lé èjìká ti ihò títì wọlé. Ọkùnrin náà kí Màmá Agbẹ̀bí, ó la àgbàlá kọjá, ó sì ti ihò kejì jáde. Aránṣọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kó tó bi í pé kí ló ń wá, obìnrin kan tó pọn ọmọ wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì méjì. Lẹ́yìn wọn ni oníbúrẹ́dì tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin afọ́jú kan tó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀, tó mọ ibi tí ilẹ̀ ti ga àti ibi tó ti rẹlẹ̀, tó yà kúrò lọ́nà ìkòkò òdòdó láìfara kàn án. "Màmá, ẹ káàárọ̀ o!" "Màmá, ṣé ara le?" Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé dé. Wọn kì í ṣe mẹ́wàá, wọn kì í ṣe ogún. Wọ́n ń ya wọlé bí omi tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, aṣọ ilé ìwé funfun, báàgì lẹ́yìn, àwọn ńlá di ọwọ́ àwọn kékeré mú, títí àgbàlá fi kún. Bàbá Rọra ò rí ohun tó jọ ọ́ rí. Ó kàn ṣáà dúró ni, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Àwọn tó wà níwájú dé ìdí ilà ṣọ́ọ̀kì, wọ́n dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn rọ́ lù wọ́n, àwọn náà dúró. Ọmọbìnrin kan, eyín iwájú rẹ̀ ti ká, wo ilà náà, ó wo Aránṣọ, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ṣé ká má gba ibí mọ́ ni?"

Ojú Aránṣọ ni Màmá Agbẹ̀bí ń wò.

Ìgbà yẹn ni ìró ẹ́ńjìnnì dún ní títì. Bàbá Rọra mọ̀ ọ́n kó tó yọjú; típà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ẹrù kún inú rẹ̀. Màmá Agbẹ̀bí gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó nà án gbọọrọ. Kò pe ẹnì kankan lórúkọ, kò sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n gbogbo àgbàlá dá wáí, ọmọdé àti àgbà, afọ́jú náà dá ọ̀pá tirẹ̀ dúró. Típà yọ. Ó fẹ̀ síta, ó yí, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ gun etí títì, ó sì lọ̀ ọ́ lọ títí kan ìdí ògiri, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ì bá máa rìn ká ní ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn níbẹ̀. Ògiri gbọ̀n. Eruku bo ihò náà. Díngí ni awakọ̀ náà ń wò, bí gbogbo awakọ̀ tó bá ń yí kọ́nà ti ń ṣe, àfi ìgbà tó ti yí tán tó rí Bàbá Rọra tó dúró lẹ́nu ihò.

"Rọra!" ó pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kọ́nà Ìrọ̀rùn! O ti di onílé wa nìyẹn!"

Ó fọn họ́ọ̀nù, ó lọ. Màmá Agbẹ̀bí sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ náà tún yíjú sí Aránṣọ.

"Ẹ máa kọjá," ni Aránṣọ wí.

Wọ́n kọjá. Ohun tó ya Aránṣọ lẹ́nu ni pé wọn ò tẹ ilà náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ẹsẹ̀ sókè wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tún gbé e sókè jáde, àwọn ńlá gbé àwọn kékeré sọdá, kí wọ́n má bàa ba ohun tí wọn ò mọ̀ jẹ́. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde, ṣọ́ọ̀kì náà ṣì funfun kedere. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń dán. Ó mọ ẹni tó dán an báyìí.

Bàbá Rọra sọdá lọ bá onígbàjámọ̀.

"Láti ìgbà wo?" ó ní.

Onígbàjámọ̀ ò ṣàwàdà. "Ọdún tí wọ́n fẹ títì sí i kí típà lè máa gba ibí. Ọmọbìnrin kan ni, aṣọ ilé ìwé tuntun lọ́rùn. Típà ń yí, ọmọ náà fẹ̀yìn ti ògiri kó lè yàgò fún un. Kò sí àyè tó yà sí."

"Ta ni awakọ̀ náà?"

"Kí la fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe? Kò sáré. Gbogbo wa la jẹ́rìí sí i pé kò sáré." Ó gbá ibì kan tó ti gbá tẹ́lẹ̀. "Àwọn aláṣẹ wá, wọ́n fi téèpù wọn títì, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. À ń retí wọn. Ní ọjọ́ kejì, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ gbì, gbì. Màmá ló mú òòlù, tó ń wó ògiri ara rẹ̀. A rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ya ihò kan síbí, ó ya èkejì sọ́hùn-ún, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, 'Ẹ máa gba inú.' Òun ló gbẹ̀bí ọmọ náà kẹ̀. Òun ló gbẹ̀bí ìdajì wa níbí."

Ìyá Àgbà, tó ti tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ sọdá, fi ọwọ́ bo ẹnu. "Àgbà kì í wà lọ́jà," ó bẹ̀rẹ̀, kò sì parí rẹ̀.

Ọdún mélòó ni Bàbá Rọra ti ń yí kọ́nà yẹn? Ọdún mélòó ló ti ń yìn ín? Ó rò pé oríire awakọ̀ ni. Kò sí ọjọ́ kan tó bi ara rẹ̀ pé níbo ni àwọn èèyàn wà. Ìyá arúgbó kan ti mú àgbàlá ilé rẹ̀, ó fi gba gbogbo wọn lọ́wọ́ táyà rẹ̀, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, òun sì lọ bá a lọ́jọ́ Àìkú, ó na ìka sí ihò náà, ó ní kó já owó sílẹ̀. Ìtìjú mú un. Ohun tó ju ìtìjú lọ tún mú un, tí kò mọ ohun tí yóò pè é.

Nígbà tí wọ́n padà, Ìyá Àgbà ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Aránṣọ, Bàbá Rọra sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá Agbẹ̀bí. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Kí ni n bá sọ? Ilé ni mò ń tà. Mi ò lè ta ẹsẹ̀ èèyàn mọ́ ọn." Ó gbọn eruku típà kúrò ní aṣọ rẹ̀. "Ẹni tó bá ra ilé ló ni ògiri rẹ̀, ọkọ mi. Mi ò ní padà wá wò ó."

Oníbúlọ́ọ̀kù dé lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọkùnrin ọlọ́yàyà ni, ó kí gbogbo wọn yíká, ó sì bá Ìyá Àgbà ṣeré pé òun yóò fi í ṣe ìyàwó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri pẹ́pẹ́.

"Màmá, tó bá jẹ́ èmi lẹ tà á fún, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, mo ti dí ihò méjèèjì yìí. Búlọ́ọ̀kù tèmi kò níye. Fẹ́ńsì gíga, géètì kan, tán. Ògiri tó ká léyín báyìí ń ba ojú àdúgbò jẹ́." Ó rí ilà ṣọ́ọ̀kì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Aránṣọ. "Àbí ìyàwó wa ti gbà á? Ṣọ́ọ̀bù ni? Ọgbọ́n nìyẹn. Èmi gan-an ì bá ṣe bẹ́ẹ̀." Ó ní òun yóò padà wá nírọ̀lẹ́ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Kò tíì rìn jìnnà tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

"A ó ra á," ni Bàbá Rọra wí, "ṣùgbọ́n a ò lè dí ibẹ̀. Jọ̀ọ́, ìyá wọn. O rí wọn."

"Mo rí wọn."

"Tí a bá dí i, etí títì ni wọ́n máa gbà. Èmi ni mo mọ bí táyà yẹn ṣe ń..."

"Mo ní mo rí wọn!" Aránṣọ kígbe débi pé onígbàjámọ̀ dá ìgbálẹ̀ dúró. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ilẹ̀ bàbá mi lẹ fẹ́ fi ṣàánú? Àwọn tó la títì ò ṣàánú. Àwọn tó fi téèpù wọ̀n ọ́n ò ṣàánú. Onílé wa tó ká páànù lórí ọmọ mi ò ṣàánú. Èmi tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan péré ni mo ń wá láyé mi, èmi ló wá kàn? Ọmọ ọlọ́mọ ń fò kọjá níbí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tèmi wà nílé onílé, wọ́n ń ṣọ́ búrẹ́dì mọ́ ọn lẹ́nu!"

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Màmá Agbẹ̀bí dìde, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í se ìrẹsì fún gbogbo wọn, bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́n jẹ ẹ́. Ìrẹsì náà dùn, ìyẹn tún dun Aránṣọ. Wọ́n ń fọ àwo ni ọ̀gá Bàbá Rọra pè é pé ẹrù yanrìn kan wà tó gbọ́dọ̀ délẹ̀ lónìí. Ó wọ bàtà rẹ̀. Ó dúró lórí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lórí àtẹ̀gùn, tó ń yí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

"Ohun tí o bá sọ fún Màmá ni abẹ gé," ó ní. "Bí o bá ní ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù ni. Mi ò ní bi ọ́ léèrè títí láé."

Aránṣọ ò gbójú sókè.

Bàbá Rọra kó yanrìn. Ní gbogbo ọ̀nà, ojú ọmọbìnrin tí eyín rẹ̀ ká kò kúrò níwájú rẹ̀. Ó lè gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà mìíràn wà, ṣùgbọ́n ó jìn, ọ̀gá rẹ̀ sì mọ iye epo tó wà nínú ọkọ̀. Nígbà tó sún mọ́ Kọ́nà Ìrọ̀rùn, àwọn ilé ìwé ti ń jáde. Títì mọ́ tónítóní níwájú rẹ̀. Kò sí ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi tó máa ń lọ, láti fẹ̀ síta, láti yí. Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ńlá náà mí kanlẹ̀, ó dúró.

"Rọra!" ẹnì kan pariwo lẹ́yìn rẹ̀. "Kí ló wà níwájú rẹ?"

Kò wo díngí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó ti ń gba ibẹ̀, ó gbójú kọjá orí ògiri wo inú àgbàlá. Ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ ga. Gbogbo rẹ̀ ló rí. Ó rí orí àwọn ọmọ tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ó rí Ìyá Àgbà àti Màmá Agbẹ̀bí lẹ́nu ọ̀nà, lórí àga méjì. Ó rí ìyàwó rẹ̀ láàárín àgbàlá, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa ilà ṣọ́ọ̀kì rẹ́. Ó fara balẹ̀ pa á, ilà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí kan ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà. Lẹ́yìn náà ó lọ sábẹ́ fèrèsé pálọ̀, pálọ̀ àga mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri níbẹ̀, níbi tí ojú máṣíìnì yóò ga dé nínú pálọ̀.

Bàbá Rọra gbá sítiárì mú. Ó gbọ́ họ́ọ̀nù méjì lẹ́yìn, ó gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta.

Aránṣọ gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà. Kò mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ni. Ó sáré lọ sí ihò ògiri, ẹsẹ̀ kan láìsí bàtà, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ Màmá Agbẹ̀bí bó ti ń kọjá, ó nà án gbọọrọ síwájú àwọn ọmọ. Gbogbo àgbàlá dá wáí. Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí kí típà kọjá.

Típà ò kọjá. Aránṣọ gbójú sókè, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀.

Bàbá Rọra pa ẹ́ńjìnnì. Láàárín ariwo họ́ọ̀nù gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó sì júwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé kó kó àwọn ọmọ kọjá.